Mo Gbé Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Mi Lọ sí Ṣábẹ

Láti ìgbà tí mo ti ti Ṣábẹ dé ni ẹ ti ń bi mí pé báwo ni ọ̀hún ṣe rí. Ẹ ń dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, ẹ ń dá mi dúró nídìí ẹ̀rọ ìlọta, ẹnì kan tilẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí a di ojú láti gbàdúrà. N kò dá ẹnì kankan lóhùn dáadáa, nítorí pé ohun tí ẹ ń retí kọ́ ni mo rí. Ẹ fẹ́ kí n sọ pé wọ́n ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́. N kò rí ẹni tó jẹ ọ̀pọ̀lọ́. Mo rí iyán, mo rí àpáta, mo sì fi ẹnu ara mi kó bá ara mi. Mo kọ gbogbo rẹ̀ síbí kí ẹ lè jẹ́ kí n máa lọ síbi tí mo ń lọ.

Ẹ̀yìn tí kò gbọ́ràn

Ẹ mọ ọkọ̀ mi. Píkọ́ọ̀pù onílẹ̀kùn mẹ́rin ni, ó ti jẹ́ aláwọ̀ ewé nígbà kan rí. Mo ń fi kó ẹ̀gẹ́ láti oko ní Sátidé, mo sì ń gbé e lọ sí ilé-ìwé ní ọjọ́ yòókù láti lọ kọ́ àwọn ọmọ yín ní èdè Yorùbá, èyí tí wọ́n sọ pé àwọn ti gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Iwájú ọkọ̀ náà kò ní wàhálà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Sípíríǹgì ẹ̀yìn, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn, tó ń gbé ọkọ̀ sókè lórí táyà, ti kán. Wọ́n jó o pọ̀, ó tún kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n jó. Ṣọ́ọ̀kì tó yẹ kó máa pẹ̀tù sí i nínú ti kú láìsí ìkéde. Bí mo bá di ẹ̀gẹ́ kún un, ìdí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Bí kò bá sí ẹrù, ó ń ta bí ẹṣin. Lójú ọ̀nà gbágungbàgun, ẹ̀yìn a máa fẹ́ fi iwájú sílẹ̀ kí ó gba ọ̀nà tirẹ̀. Mo ti bá a gbé bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, mo sì ti rò pé bí ọkọ̀ ṣe ń rí nìyẹn.

N óò sọ ohun tó kàn yìí ní gbangba, nítorí pé àìsọ ọ́ ní gbangba ló fa ìyókù ọ̀rọ̀ tí ẹ óò kà. Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó mi, lóyún. Ìgbà méjì ni oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí. Èkejì bàjẹ́ nínú ọkọ̀ yìí gan-an, lẹ́yìn tí a kọjá Jógà-Orílé, nígbà tí mo ń gbé e sáré lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìlaròó. N kò lè sọ pé ọkọ̀ náà ló fà á. N kò sì lè sọ pé òun kọ́.

Ní ti ẹ̀ẹ̀kẹta yìí, nọ́ọ̀sì wa ní Ìjoun sọ pé ibi ọmọ jókòó sísàlẹ̀ jù. Ó ní iṣẹ́ abẹ ni wọn óò fi gbà á ní Ìlaròó, ó sì gbọ́dọ̀ débẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, láìjẹ́ kí ohunkóhun gbọ̀n ọ́n lọ́nà. Ó wá yọjú lójú fèrèsé, ó wo ọkọ̀ mi.

“Tíṣà, kì í ṣe ìyẹn lẹ fẹ́ fi gbé e.”

Mo ní òun nìkan ni mo ní, àti pé takisí tó ń ná Ayétòrò, èrò méje ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ tún ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe. Bí ẹ̀jẹ̀ bá fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í jò lójú ọ̀nà yẹn, èmi ò lè ṣe nǹkan kan, ẹ̀yin náà ò sì lè ṣe nǹkan kan.”

Mẹkáníìkì mi ní Ayétòrò dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ títí, ó jáde, ó nu ọwọ́. Ó ní kò sí ibi tí òun tún lè jó pọ̀ mọ́. “Ẹ̀gbọ́n, irú sípíríǹgì tó rọ̀ tí kò sì ní máa ta, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣábẹ lẹ ti máa rí i, ní ọ̀hún, lẹ́yìn ẹnubodè. Ara àwọn ọkọ̀ tó ń gòkè lọ sí orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀ ni wọ́n ti ń tú u. Ẹ béèrè Patarọ́ọ̀n Léọ̀n. Patarọ́ọ̀n ni wọ́n ń pe ọ̀gá níbẹ̀.”

Ẹni tí mo bá sọ fún pé mò ń lọ tún ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe, àdúrà ló ń gbà fún mi. “Ẹ̀yìn yín á dára o.” Mo ń ṣe àmín. Pásítọ̀ wa gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní ìgbẹ̀yìn mi yóò sàn ju ìbẹ̀rẹ̀ mi lọ. Mo sọ fún un pé ohun tí mo ń wá kiri gan-an nìyẹn. Àbẹ̀kẹ́ kò gbàdúrà kankan sí mi létí. Ó di gaàrí àti ẹ̀pà fún mi, ó jókòó ti màmá rẹ̀ tó wá ṣọ́ ọ, ó ní, “Ẹ má pẹ́ o.”

Ilẹ̀ àwọn bàbá wa

Òṣìṣẹ́ ẹnubodè tó dá mi dúró ní ọ̀hún bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ní Faransé. Mo dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwa méjèèjì ń wo ara wa. Nígbà tó ṣe, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, sà.” Bí àṣírí ṣe tú nìyẹn.

“Kí lẹ kó?”

“N kò kó nǹkan kan. Ìjoun ni mo ti ń bọ̀.”

“Láti Ìjoun? Tí ẹ ò kó nǹkan kan?”

Ó yí ọkọ̀ po. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó rí sípíríǹgì mi. Nígbà tó nàró, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní òun gbà mí gbọ́, ọkọ̀ tó rí báyìí kò lè ṣe fàyàwọ́. N kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́.

Ẹ mọ̀ pé ní ilé wa, Kétu ni wọ́n ní a ti wá. Wọ́n ti kì wá ní oríkì Kétu láti kékeré, débi pé bí mo ṣe ń wọ ìlú náà, mo tún kọ́là ẹ̀wù mi ṣe. Mo rò pé ilẹ̀ á mọ̀ mí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí. Gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ń sọ “bọ̀nárifé” fún mi, mo sì ń rò pé orúkọ ẹnì kan tí mo jọ ni, títí mo fi mọ̀ pé “ẹ káàbọ̀” ni wọ́n ń wí.

Mo dúró lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ àti ẹja díndín. Mo na ọwọ́ sí èyí tí mo fẹ́. Ó kọ́kọ́ bu omi sínú ife, ó gbé e fún mi, ó ń wò mí títí mo fi mu ún tán.

“Ẹ̀ẹ́n, ẹ lè wá wí ohun tí ẹ fẹ́ báyìí. Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ẹ máa ń pariwo jù.”

N kò tíì sọ gbólóhùn kan lẹ́nu nígbà náà. Mo sọ fún un pé ará Kétu ni bàbá tó bí bàbá mi. Ó ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ti sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àtẹ òun, kò sì sí èyí tó padà wá gé koríko ojúlé wọn. Lẹ́yìn náà ó fi ẹja kan sí i fún mi, ó ní ti ẹbí nìyẹn.

Abẹ́ igi máńgòrò

Àpáta lẹ máa kọ́kọ́ rí ní Ṣábẹ. Wọ́n ga, wọ́n dúdú, wọ́n jókòó sẹ́yìn ìlú bí àwọn àgbà tó ti jẹun yó. Mo béèrè Patarọ́ọ̀n Léọ̀n lọ́wọ́ ọlọ́kadà kan tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè, ó sì ṣíwájú mi títí dé ẹnu ibi iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo fẹ́ dúpẹ́, ó ti lọ.

Patarọ́ọ̀n Léọ̀n jẹ́ ọkùnrin gíga kan tí kì í kánjú. Gírísì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, nítorí náà ọrùn ọwọ́ ló nà sí mi, mo sì di ọrùn ọwọ́ náà mú, mo gbọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò ńlá kan. Lábẹ́ igi kan náà, níbi tí òjìji pọ̀ sí jù, ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ta iyán àti ọbẹ̀. Ìyá Róòsì ni wọ́n ń pè é. Obìnrin tó sanra tó sì fẹ́ràn òtítọ́ ni. Ó gbé omi fún mi. Mo ti mọ̀ báyìí pé kí n má sọ̀rọ̀ kí n tó mu ún. Patarọ́ọ̀n béèrè ilé, ó béèrè ọ̀nà, ó béèrè òjò, kó tó wá béèrè ohun tó gbé mi wá. Mo nawọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀.

“Ó ti bàjẹ́,” ó ní. “Kí lẹ fẹ́ máa fi kó?”

Ẹ̀yin náà, ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é. A kì í rí àjèjì lójú pópó kí a sọ fún un pé ìyàwó ẹni lóyún, pàápàá oyún tó tẹ̀lé méjì tó ti bàjẹ́. Ayé gbọ́, wọ́n sì lè má fẹ́. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo rántí pé tíṣà Yorùbá ni mí, mo sì fi ọgbọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀.

“Ẹrù ẹlẹgẹ́ ni,” mo ní.

Patarọ́ọ̀n Léọ̀n sún mọ́ mi. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ó wúwo?”

“Ó ń wúwo sí i lójoojúmọ́.”

“Ìgbà wo lẹ máa sọ̀ ọ́?”

“Oṣù tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.”

“Níbo?”

“Ìlaròó.”

“Kò gbọdọ̀ jò lọ́nà.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ gan-an ni. Mo rò pé ọkùnrin yìí ti gbé ìyàwó tirẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn rí.

“Patarọ́ọ̀n,” mo ní, “bó bá jò, mo gbé.”

“Àwọn ènìyàn ò sì gbọdọ̀ mọ̀.”

“Kò yẹ kí ẹnì kankan mọ̀ kó tó délẹ̀.”

“Dàkọ́ọ̀, a ti gbà.” Ó gbàgbé gírísì ọwọ́ rẹ̀, ó fi méjèèjì di ọwọ́ mi mú. “Ẹ fi ọkàn balẹ̀. Mo ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará yín.”

Inú mi dùn púpọ̀. Mo rò ó pé ẹ wo bí mo ṣe rìn jìnnà tó, tí mo sì bá ọkùnrin kan pàdé tó gbọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá.

Ìjókòó àlejò

Ọ̀dọ̀ wọn ni mo sùn ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ náà fi ń lọ lọ́wọ́. Nàìjíríà ni wọ́n ń pè mí. “Nàìjíríà, ẹ ti jí?” “Ẹ bu omi ìwẹ̀ fún Nàìjíríà.” Ó ń wú mi lórí díẹ̀ pé èmi nìkan ni mo dúró fún gbogbo yín, mo sì ń fọ ẹnu dáadáa kí wọ́n má baà rí wa fín.

Ní òwúrọ̀, abọ́ ni wọ́n fi ń mu kọfí, kì í ṣe ife, wọ́n sì ń ki búrẹ́dì gígùn bọ̀ ọ́. Mo ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ìdajì búrẹ́dì mi sì rì. Ìyá Róòsì fún mi ní ṣíbí. Ní ọ̀sán, iyán ni. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jẹ́ kí a fi ìgbéraga sílẹ̀: a kò mọ iyán. Èyí tí à ń gún níhìn-ín, ìgbìyànjú ni. Tiwọn ń dán, ó sì ń fà, wọ́n sì ń fi wàrà àwọn Fúlàní sínú ọbẹ̀ rẹ̀ dípò ẹran, wọ́n gé e kéékèèké, wọ́n dín in. Bí wọ́n bá ń jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Mo sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò mí títí mo fi parí, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Patarọ́ọ̀n ní Yorùbá tiwa ní Nàìjíríà ti bàjẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ti wọ inú rẹ̀ jù. Ó ní tiwọn ṣì wà bí ó ṣe wà. “Vwàlà, òun nìyẹn,” ó ní, ó sì fi ṣíṣí ọwọ́ méjèèjì parí ọ̀rọ̀ náà.

Mo máa ń gun ẹsẹ̀ àpáta kan lọ ní ìrọ̀lẹ́ láti wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí n lè pe Àbẹ̀kẹ́.

“Ṣé kò sí?”

“Kò sí. Ẹ ti jẹun?”

“Mo ti jẹun. Ṣé ohun gbogbo wà bó ṣe wà?”

“Ó wà bó ṣe wà.”

Bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. A kò dárúkọ ohunkóhun láti oṣù tó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti gbé fóònù sílẹ̀, màá jókòó sórí àpáta yẹn, ẹ̀rù á máa bà mí gan-an. Mo fẹ́ ọmọ náà. Mo tún fẹ́ kí Àbẹ̀kẹ́ wà láàyè ju bí mo ṣe fẹ́ ọmọ lọ, n kò sì mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún láìjẹ́ kó dàbí èpè.

Ìdí òkè

Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, Patarọ́ọ̀n Léọ̀n ní kí n wá wò ó. Mo wò ó. Ìdí ọkọ̀ mi wà lókè, imú rẹ̀ wà nílẹ̀, ó dúró bí ewúrẹ́ tó ki orí bọ ìkòkò.

“Ó ga díẹ̀,” mo ní.

“Ó ga dáadáa,” ó ní, inú rẹ̀ ń dùn.

Mo rò pé bóyá yóò wálẹ̀ bí mo bá wà á. Ìyá Róòsì ní kí n gbé òun dé apá kejì ìlú, ó fẹ́ gbé ọbẹ̀ ilá lọ fún oníbàárà kan. Ó wọ ẹ̀yìn, níbi tí mo ti ṣètò pé Àbẹ̀kẹ́ yóò dùbúlẹ̀ sí, ó gbé ìkòkò náà sórí itan. A kò tíì kọjá òkúta kejì tí mo fi gbọ́ igbe. Ọkọ̀ náà kò ta mọ́, òótọ́ ni. Ó ń lu ènìyàn ni. Gbogbo òkúta tó wà nílẹ̀ ló ń wọ inú egungun mi tààrà. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ilá wà lára ìró obìnrin náà, ó wà lára òrùlé, ó ń yọ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú fèrèsé.

Mo yí padà. Mo sọ fún Patarọ́ọ̀n pé ọkọ̀ náà le jù.

“Ó gbọ́dọ̀ le. Lámù mẹ́ta ni mo fi kún un.” Lámù ni wọ́n ń pe irin sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. “Òfo lẹ wà á, ìdí nìyẹn. Bí ẹ bá to kẹ́ẹ̀gì kún un tán, ìdí rẹ̀ á wálẹ̀, á tẹ́jú. Kò ní sí òṣìṣẹ́ ẹnubodè tó máa rò pé ẹ kó nǹkan.”

“Kẹ́ẹ̀gì kí ni?”

“Kẹ́ẹ̀gì òróró.”

“Òróró kí ni?”

Ó wò mí. Mo wò ó. Àwọn tó ń jẹun lábẹ́ igi gbé òkèlè dúró.

“Patarọ́ọ̀n, n kò ṣe fàyàwọ́. Ìyàwó mi ni.”

“Ìyàwó yín ló ń ṣe fàyàwọ́?”

“Ìyàwó mi ni ẹrù náà!” Ohùn mi ti lọ sókè ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. “Ó lóyún! Oyún ni! Méjì ti bàjẹ́, ọ̀kan bàjẹ́ nínú ọkọ̀ yìí, níbi tí ìyàwó yín jókòó sí yẹn, n kò sì fẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀!”

Mo ti sọ ọ́, ní gbangba, ní ilẹ̀ onílẹ̀, lójú àwọn tí n kò mọ orúkọ wọn. Omi ti ń bọ́ lójú mi, n kò sì mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Àdàpè ọ̀rọ̀ kì í jẹ́ ká mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ti kọ òwe yẹn sí pátákó fún àwọn ọmọ yín títí ẹfun fi tán.

Ìyá Róòsì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó dúró láàárín wa pẹ̀lú ilá lára.

“Ẹ̀yin ọkùnrin méjèèjì jókòó síbí, ẹ ń pe ọmọ ní òróró.”

“Òun ló pè é ní ẹrù,” ni Patarọ́ọ̀n wí.

“Ìwọ lo sọ pé kó má jò!”

Patarọ́ọ̀n Léọ̀n wo ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó ní, “Nàìjíríà, ẹ má bínú.” Mo ní kó má bínú. Àwọn tó ń jẹun náà ní kí a má bínú. Ọkùnrin kan tí n kò rí rí dìde nídìí iyán rẹ̀, ó wá dúró tì mí.

Ọbẹ̀ kejì

Wọ́n tú gbogbo rẹ̀. Patarọ́ọ̀n lọ káàkiri Ṣábẹ fúnra rẹ̀, ó sì gbé lámù tó gùn tó sì fẹ́lẹ́ dé, ara ọkọ̀ akérò kan ló ti tú u. Ó yọ èyí tó nípọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó fi ṣọ́ọ̀kì méjì tó le dáadáa sí i kí ẹ̀yìn má baà máa ta, ó pààrọ̀ rọ́bà tó ti gbó létí sípíríǹgì, ó sì fi gírísì pa àárín lámù kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè máa yọ̀ lórí ara wọn. Kò kọrin mọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó máa ń yọ orí láti abẹ́ ọkọ̀ láti béèrè nǹkan, ó sì ń béèrè rẹ̀ tààrà.

“Oṣù mélòó ni?”

“Ó ti lé ní méje.”

“Ìdùbúlẹ̀ tàbí ìjókòó?”

“Ìdùbúlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì.”

Orí á padà wọlé.

Ó sọ fún mi pé ẹrù ẹ̀gẹ́ tí mo ń kó tẹ́lẹ̀ ti tán, ọkọ̀ náà kò ní lè gbé e mọ́. Mo ní kí ẹ̀gẹ́ máa dúró dè mí nínú ilẹ̀.

Nígbà tó parí, kò jẹ́ kí n wà á lófo. Ìyá Róòsì ro ọbẹ̀ ilá mìíràn kún ìkòkò dé etí. Ìró tí ilá bà jẹ́ níjọ́sí ló tún ró wá, ó ní òun kò lè ba méjì jẹ́ nítorí Nàìjíríà. Ó wọ ẹ̀yìn. Patarọ́ọ̀n jókòó tì mí níwájú, ó ń sọ “dùsímọ́ọ̀, dùsímọ́ọ̀”, ìyẹn jẹ́jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì ṣáná sí ọkọ̀. A gba ọ̀nà tó lọ sẹ́yìn àpáta, tí òkúta rẹ̀ pọ̀ jù. Mo gbọ́ bí ẹ̀yìn ṣe ń wálẹ̀ tó sì ń dìde, jẹ́jẹ́, tó ń tẹ̀lé iwájú níbi gbogbo tí iwájú bá gbà. N kò gbọ́ igbe. Mo dúró, mo bojú wẹ̀yìn. Ọbẹ̀ náà mì, ó lọ sápá kan, ó padà sí àyè rẹ̀.

Ìyá Róòsì kò wo ìkòkò. Èmi ló ń wò.

“Á sọ̀ láyọ̀,” ó ní. “A óò gbọ́ ohùn ìyá, a óò gbọ́ ohùn ọmọ.”

Mo ṣe àmín, mo sì gbé orí lé ọwọ́ ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ọ̀nà Ìlaròó

Ìpadàbọ̀ mi, ẹ ti rí i. Ẹ pé jọ sí ojúlé mi, ẹ ń tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń dán bẹ́ẹ̀dì wò, ẹ ní kò jọ pé wọ́n ṣe nǹkan kan sí i. N kò bá yín jiyàn.

Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì dá pé, Àbẹ̀kẹ́ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, màmá rẹ̀ jókòó níwájú pẹ̀lú mi. Mo wà á bí ẹni tó gbé ẹyin sí orí. A kọjá Ayétòrò, a kọjá Jógà-Orílé. Nígbà tí a dé ibi tí n kò ní dárúkọ yẹn, mo mọ̀ ọ́n, òun náà sì mọ̀ ọ́n, mo gbọ́ tí èémí rẹ̀ dúró. Ọkọ̀ náà wálẹ̀ sínú kòtò tó wà níbẹ̀, ó jáde ní apá kejì, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀lé e. Èémí rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀.

A ti wọ Ìlaròó, ilé ìwòsàn kò jìnnà mọ́, nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Ẹ dúró.”

Mo ní a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, kó fara dà á.

“Mo ní kí ẹ dúró.”

Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. N kò lè bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀jẹ̀ ni mo rò. Mo di ọwọ́ ọkọ̀ mú, mo ń wo iwájú, màmá rẹ̀ sì ti di ẹsẹ̀ mi mú láìmọ̀. Nígbà tí mo yíjú padà, Àbẹ̀kẹ́ ti fi ìgbọ̀nwọ́ gbé ara rẹ̀ sókè, ó ń wo ìta láti ojú fèrèsé. Ṣọ́ọ̀bù kan wà níbẹ̀, wọ́n fi aṣọ ọmọ ọwọ́ kọ́ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́, a ti ra aṣọ dè wọ́n, a sì ti kó o fún ẹlòmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí kò gbà kí ẹnikẹ́ni ra òwú kan.

“Fìlà aláwọ̀ ìyeyè yẹn,” ó ní. “Ẹ bá mi rà á fún ọmọ mi.”

Mo bọ́ sílẹ̀. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà béèrè bóyá mo fẹ́ kékeré tàbí ńlá, mo ní n kò mọ̀, ọmọ náà ń bọ̀ lọ́nà, ìyá rẹ̀ ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ó fún mi ní kékeré.

Fìlà náà kò gba orí ọmọ náà mọ́ báyìí, Àbẹ̀kẹ́ sì ti ní kí n ra ńlá.